Ẹnu Òǹwòran Ni Ìdájọ́ Fíìmù Wà

Ta ló jẹ̀bi, ṣé Sàró ni àbí Arólàkẹ́? Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí Kúnlé Afọláyan gbé fíìmù Aníkúlápó jáde lórí Netflix, ni àwọn èèyàn ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí, a ò sì tíì gbọ́ àgbọ́tán rẹ̀. Sàró ahunṣọ wọ ìlú Ọ̀yọ́, òun àti Arólàkẹ́, olorì ọba, kó sínú ìfẹ́, wọ́n sì pa á. Ẹyẹ Àkàlà ló jí i dìde, Arólàkẹ́ ló sì gba àdó agbára mọ́ ẹyẹ náà lọ́wọ́. Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú, ó lówó, ó lórúkọ, ó kó obìnrin jọ, ó tún ń béèrè ọmọ ọba. Kò mọ̀ pé Arólàkẹ́ ti gba agbára náà kúrò lọ́wọ́ òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ òkú ọmọ ọba síwájú rẹ̀, ó sa gbogbo ipá rẹ̀, òkú ò mira.

Mo ti gbọ́ tí abilékọ kan ń sọ ọ́ tìbínú-tìbínú pé Arólàkẹ́ ò jẹ̀bi rárá, àìmoore ló pa Sàró: "Ẹni tó gbé ọ dìde lo wá ń wò bí èkísà?" Ọkùnrin tó jókòó tì í fèsì pé obìnrin tó fi ààfin sílẹ̀ nítorí ahunṣọ, kí ló tún ń retí lọ́dọ̀ ọkùnrin? Ìyá àgbàlagbà kan tó ti ń gbọ́ wọn látẹ̀yìn wá dá sí i pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni méjì lẹ̀ ń bá wí, ẹ fi ẹlẹ́kẹta sílẹ̀. Ọba arúgbó tó lọ fẹ́ ọmọdébìnrin tí ọkàn ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀, òun ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó rí i dá lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo fẹ́ gbà rò lónìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ tí òǹwòran ń sọ lẹ́yìn fíìmù, ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Lójú tèmi, òun gan-an ni ilé ẹjọ́ tí fíìmù Yorùbá ní. Ife ẹ̀yẹ lè wọlé, owó lè wọlé, ṣùgbọ́n òǹwòran ló ń ṣọ́ èdè kó má wọ́, òun ló ń ṣọ́ ìtàn kí wọ́n má dà á rú, òun náà ló ń béèrè pé kí ìparí eré jọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, tàbí tí kò mọ̀ ju "ó dùn" àti "kò dùn" lọ, eré wa ló máa jìyà rẹ̀.

Ìgbà tí olóòtú fi etí ara rẹ̀ gbọ́

Òǹwòran Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú eré láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, tí àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó mìíràn sì tẹ̀lé e láti ìlú dé ìlú, àwọn èèyàn kì í jókòó bí ẹni wà nínú ìdánwò. Wọ́n ń dá sí i. Wọ́n ń kìlọ̀ fún ẹni rere pé ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń bú ìkà, wọ́n ń gbe orin. Òṣèré tí kò mọ èdè lò, orí ìtàgé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ kó mọ̀.

Nígbà tí eré kúrò lórí ìtàgé tó bọ́ sínú sinimá, àṣà yìí bá a lọ. Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ògúndé gbé Ayé àti Jáíyésinmi jáde lẹ́yìn náà. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olóòtú wọ̀nyí ló ń gbé fíìmù wọn kiri fúnra wọn, wọ́n ń fi í hàn nínú gbọ̀ngàn ìlú, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé sinimá bí irú èyí tó wà ní Agége tí a ṣì ń fi pe àdúgbò náà ní Pen Cinema títí dòní. Bí èrò bá ń tú jáde, olóòtú wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá ròyìn fún un. Ohun tí ìlú kan bá fi sùn un lónìí, ó lè fi tún ti ọ̀la ṣe.

Ìgbà fọ́nrán fídíò ló kọ́kọ́ gba ìpàdé yẹn lọ́wọ́ wa. Eré wọ inú ilé, òǹwòran kò rí olóòtú mọ́, olóòtú náà kò rí òǹwòran. Ohun tó kù tí wọ́n ń bára wọn sọ ni "apá kejì ti jáde". Olóòtú ń fa ìtàn gùn kí owó lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì, òǹwòran ń ráhùn nílé, ṣùgbọ́n ràhùn rẹ̀ kò dé ibi kankan. Mo gbà pé àwọn eré tó dáa wà nínú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ló kọ́ àwọn olóòtú kan pé òǹwòran á rà á bó ti wù kó rí.

Àwọn ilé sinimá tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àti àwọn iléeṣẹ́ bíi Netflix tó dé lẹ́yìn wọn, ti mú ìpàdé yẹn padà lọ́nà mìíràn. Ohun tó sì wú mi lórí ni pé ọmọ àwọn tó gbé fíìmù kiri ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Ọmọ Adé Love ni Kúnlé Afọláyan. Ọmọ Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, ni Fẹ́mi Adébáyọ̀ tó ṣe Àgẹṣinkólé ní 2022 àti Jagun Jagun ní 2023. Àgẹṣinkólé wọ sinimá pẹ̀lú èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pa ju 300 mílíọ̀nù náírà lọ. Àwọn tó ti ń sọ pé ará ìlú ò ní sanwó wo Yorùbá nínú ilé sinimá alámúlétutù gbé ọ̀rọ̀ wọn mì.

Èdè ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí etí òǹwòran wa ṣe mú tó, kó jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń wo Jagun Jagun. Lateef Adédiméjì ló ṣe Gbọ́tìjà, ọmọkùnrin tó lè bá igi sọ̀rọ̀, tó lọ sọ́dọ̀ Ògúndìjì kó lè kọ́ṣẹ́ ogun. Fẹ́mi Adébáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe Ògúndìjì. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo idà àti ìjà. Àwọn àgbà ń gbọ́ ọfọ̀. Bí ọfọ̀ bá ti ń jáde, ètè tiwọn náà á máa mì, wọ́n ń bá a lọ ní gbólóhùn-gbólóhùn. Wọ́n mọ̀ pé ọfọ̀ ní ìdí: a ó pe orúkọ ohun kan, a ó sọ bó ṣe máa ń hùwà, a ó wá fi ìwà náà pàṣẹ. Bí òṣèré bá kánjú fo ìdí rẹ̀ tó kàn ń pariwo àṣẹ, wọ́n á ní, "Ìyẹn ò lè jẹ́." Èyí tí ìdí rẹ̀ bá pé, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí gbẹ́kọ̀ọ́."

Ìbéèrè mìíràn wà nínú fíìmù yẹn tí mo rò pé ó tọ́ kí a bi àwọn tó ṣe é. Agẹmọ ni wọ́n pe ohun apani tí Ògúndìjì ń rán síta. Ṣùgbọ́n òrìṣà ni Agẹmọ lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú, àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún sì ń pé jọ sí Ìmọ̀sàn lọ́dọọdún fún ọdún rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó rí orúkọ yẹn lára apààyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí. Ẹni tó bá ní "eré lásán ni" kò tíì dá a lóhùn. Orúkọ tí ó wúwo ni wọ́n yá lò nítorí ìwúwo rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ru gbogbo ẹrù tó wà nínú rẹ̀.

Èdè náà ló jẹ́ kí Ṣaworoidẹ wà lẹ́nu àwọn èèyàn láti 1999 títí di àkókò yìí. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Adébáyọ̀ Fálétí sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀pálábà. Ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́dún náà ń lo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ báyìí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òṣèlú. Kò sí ìjà ńlá nínú rẹ̀, kò sì sí idán kọ̀ǹpútà. Ìlù kan, adé kan, àti ìlú Jogbo tí àwọn olórí ń jẹ run ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tí a lè yọ kúrò níbẹ̀ kí àyè rẹ̀ má ṣófo.

Nítorí náà, nígbà tí òǹwòran bá ń ráhùn pé ìjòyè ayé àtijọ́ ń kí Aláàfin bí ẹni ń kí ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, tàbí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dà bí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì rò, kí olóòtú má sọ pé wọ́n ń ṣe ìlara. Owó tó ná sórí aṣọ, ẹṣin àti ààfin ni ràhùn yẹn ń dáàbò bò. Sísan owó fún àgbà kan tó gbọ́ èdè, kó jókòó ti àwọn òṣèré láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé òpin, kò tó owó tí wọ́n fi ń rán aṣọ ọjọ́ kan.

Ọ̀yọ́ kan náà, ojú méjì

Ní 2024, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo rò pé a ò tíì fún ní ìyìn tó yẹ ẹ́. Ní oṣù Keje, Bọ́láńlé Austen-Peters gbé House of Ga'a jáde, Fẹ́mi Branch sì ṣe Baṣọ̀run Gáà. Ní oṣù Kẹsàn-án, Lateef Adédiméjì gbé Lísàbí jáde, Níyì Akínmọláyan ló darí rẹ̀. Oṣù méjì péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, inú Ilẹ̀ Ọba Ọ̀yọ́ ni ìtàn méjèèjì sì ti ṣẹlẹ̀.

Gáà di Baṣọ̀run ní 1754, ó sì wà níbẹ̀ di 1774. Ó ń fi ọba jẹ, ó ń yọ wọ́n bí ẹni yọ jìgá. Àwọn ọmọ rẹ̀ tàn ká ilẹ̀, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kó wọ ààfin. Aláàfin Abíọ́dún ló fojú rẹ̀ rí màbo tó tún fara dà á títí ó fi gbógun tì í. Gbogbo ẹni tó bá ti ka ìwé eré Fálétí lórí Gáà nílé ìwé ló mọ Agbọ̀nyìn, ọmọ Abíọ́dún tí wọ́n fi rúbọ nítorí orúkọ rẹ̀ jọ ti àgbọ̀nrín. Ìdí nìyí tí ẹnu fi pọ̀ lórí fíìmù yẹn. Àwọn kan ní kò mú ìbẹ̀rù Gáà jáde tó bí ìwé ṣe mú un jáde. Àwọn mìíràn ní ó dáa bí wọ́n ṣe jẹ́ kí a rí Gáà bí bàbá àti bí ọkọ, kì í ṣe ìkà nìkan. Èrò tèmi ni pé àwọn kejì yìí lóye ohun tí sinimá lè ṣe tí ìwé ìtàn kò lè ṣe. Ìkà tí a ò rí ibi tí èèyàn wà nínú rẹ̀ kò lè dẹ́rù bà wá pẹ́.

Wàyí o, ẹ gbé Lísàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni Lísàbí. Ó kó àwọn Ẹ̀gbá jọ nínú ẹgbẹ́ aáró, wọ́n ń bára wọn ro oko, nígbà tí ọjọ́ sì pé, aáró di ogun, wọ́n pa àwọn ìlàrí tí Aláàfin fi ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ onítàn ló fi ọ̀tẹ̀ yìí sí ìgbà ayé Abíọ́dún. Ọba tí à ń pàtẹ́wọ́ fún ní oṣù Keje pé ó gba Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ Gáà, àwọn ìránṣẹ́ ọba náà ni àwọn Ẹ̀gbá ń sá fún nínú oko wọn. Ẹni tó bá wo House of Ga'a nìkan, inú ààfin ló wà. Ẹni tó bá wo Lísàbí nìkan, inú ebè ló wà. Ẹni tó bá wo méjèèjì tó sì jókòó bá ẹlòmíràn sọ ọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìtàn.

Ọmọ Abẹ́òkúta tí à ń pè ní ọmọ Lísàbí á fẹ́ gbọ́ ohùn Ẹ̀gbá lẹ́nu akọni rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ á ní Aláàfin kì í ṣe olè. Kí wọ́n jà á dáadáa. Àwọn ìdílé tí mo mọ̀ tó jẹ́ pé fíìmù yìí ló jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà pé "Kí ni ìlàrí?" kò kéré. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í wáyé nílé tí wọ́n bá pa tẹlifíṣọ̀n tán tí kálukú sì lọ sùn.

Owó kì í ṣe ẹ̀rí

Oṣù Kejìlá ni ọjà fíìmù ń gbóná jù. A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá orílẹ̀-èdè yìí. Everybody Loves Jenifa, tó jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e, tún kọjá ibẹ̀. Mo yọ̀ fún obìnrin yìí. Láti 2008 tó ti ṣe Jẹ́nífà, ó mọ ohun tó ń pa òǹwòran rẹ̀ lẹ́rìn-ín, ó sì mọ bí a ṣe ń lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà.

Àmọ́ owó tó wọlé ń sọ iye ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kò lè sọ ohun tí wọ́n gbé lọ sílé. Àṣà kan sì ti wọlé tí kò bá mi lára mu: kí fíìmù tó jáde rárá, àwọn olólùfẹ́ òṣèré kan ti pín sí ẹ̀yà méjì. Aṣọ tí òṣèré wọ̀ lọ síbi àfihàn àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ẹni tí kò tíì wo eré ti ń bú u, ẹni tí kò tíì wò ó náà ti ń yìn ín. Bí a bá béèrè pé kí ló dáa nínú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹni tèmi ló ṣe é." Ìyẹn kò ran òṣèré náà lọ́wọ́. Òṣèré tí kò rẹ́ni sọ òótọ́ fún un lórí eré kan, yóò ṣe irú eré náà kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Àwọn kan tún wà tó ń gbé fóònù sókè nínú òkùnkùn ilé sinimá, tí wọ́n ń ya ìparí eré kí wọ́n lè fi han ọ̀rẹ́. Kí irú wọn rántí Bàbá Sàlá. Wọ́n jí Ọ̀run Móoru dà kọ sórí fọ́nrán, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì dá bàbá náà lágara. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín, ọwọ́ wa ló ti jẹ ìyà tó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká máa sọ èrò wa, ká má sì jí eré.

Fún eré tí ń bọ̀

Mo fẹ́ kí òǹwòran Yorùbá tún fi kún iye ohun tó ń béèrè. My Father's Shadow, tí Akínọlá Davies kékeré darí, lọ sí Cannes ní 2025. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wọ inú àkójọ àgbà níbẹ̀. Bàbá kan àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìlú Èkó, nínú oṣù Kẹfà 1993 tí ìjọba fagi lé ìbò. Ṣọpẹ́ Dìrísù ló ṣe bàbá náà. Kò sí idán, kò sí ogun. Àwọn kan jáde, wọ́n ní ó lọ́ra, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá wo ojú àwọn ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń tọpa bàbá tí wọn kì í sábà rí nílé, tí wọ́n ń gbìyànjú láti mọ irú ẹni tó jẹ́, á mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó yẹ kí a ní àyè fún irú eré yìí náà, kí á kọ́ ara wa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì bi mí léèrè fíìmù tí mo ń retí jù, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni, Ìyálóde Ìbàdàn. Ìwé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti ṣe é lórí ìtàgé, wọ́n ti ṣe é ní fíìmù. Ìkà obìnrin tó ń pa ẹrú ni a mọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onítàn ti ń sọ fún wa tipẹ́ pé olówò ńlá ni, pé ó ń fún àwọn jagunjagun ní ohun ìjà láwìn, àti pé nígbà tó kọ̀ láti máa fún wọn lọ ni ìjà òun àti Ààrẹ Látòósà le, títí wọ́n fi pa á ní 1874. Olóòtú tó bá ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kejì yìí fún wa, tó jẹ́ kí a rí gbèsè, ọ̀pọ̀ oko àti ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, yóò mú kí gbogbo Ìbàdàn jiyàn fún ọdún mẹ́wàá. Irú ìjiyàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹwòran, ẹ wo eré náà kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bó bá dùn mọ́ yín, ẹ dárúkọ ibi tó ti dùn: gbólóhùn wo ni, ojú ta ni, ìlù wo ló wọlé lásìkò. Bó bá bàjẹ́, ẹ dárúkọ ibẹ̀ náà. Ẹ má sọ ìparí rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ẹ mú àgbà kan dání tó gbọ́ ọfọ̀, ẹ mú ọmọ kan dání tó máa béèrè ohun tí ìlàrí jẹ́. Ẹ̀yin olóòtú, iléeṣẹ́ òkèèrè lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbàkigbà. Amazon fi hàn wá ní oṣù Kìn-ín-ní 2024 nígbà tó dáwọ́ dúró láti máa náwó sórí eré tuntun nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó ń jiyàn lórí Sàró àti Arólàkẹ́ kò ní lọ síbì kankan. Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí Ògúndé àti Adé Love ṣe ń dúró, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kẹ́ ẹ sì fi ṣe èyí tó kàn.